Aago Méjì: Lọ́ńdọ̀nù sí Tokyo, Àlọ àti Àbọ̀

Ọjọ́bọ̀, alẹ́ kí n tó gbéra

Àbúrò mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Iṣẹ́ yóò gbé òun náà lọ sí Tokyo lóṣù tó ń bọ̀, ó wá pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù sí Tokyo? Ibì kan kọ ọ́ pé mọ́kànlá lé díẹ̀, ibòmíì ní mẹ́rìnlá. Èwo ni kí n gbà gbọ́ níbẹ̀?" Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀la ni èmi ń lọ, Ọjọ́rú ni n ó padà. Kí ló dé tí n ó fi máa méfò nígbà tí aago wà lọ́wọ́ mi?

Mo kọ́kọ́ mú ti jíjìn. Bọ́ọ̀lù kan wà lórí pẹpẹ ìwé mi, irú èyí tí wọ́n ya àwòrán ayé sí lára fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo mú òwú, mo fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ kan mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, mo fà á dé Tokyo títí ó fi le dáadáa. Ibi tí òwú náà gbà kì í ṣe ibi tí mo rò. Lórí máàpù pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri, ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà láti ìlú kan dé èkejì yóò gba àárín Éṣíà kọjá. Òwú tèmi gòkè lọ sí àríwá, ó gba orí Sweden àti Finland, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Òkun Arctic létí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kó tó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ gba Siberia dé Japan. Máàpù pẹlẹbẹ ló ń tàn wá jẹ. Wọ́n ti na òkè ayé kó lè bá pépà mu, ọ̀nà tó kúrú jù wá dà bí ọ̀nà tó wọ́.

Lẹ́yìn òwú, mo ṣe ìṣirò. Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bíi dígírì 51.5 sí àríwá, Tokyo wà ní 35.7, àárín wọn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 140. Bí a bá kó wọn sínú ìṣirò sáìnì àti kósáìnì tí wọ́n fi dà wá láàmú níléèwé, ohun tó jáde ni dígírì 86 lára ayé. Dígírì kan jẹ́ máìlì 60 ti àwọn atukọ̀ ojú omi, máìlì kan nínú wọn sì jẹ́ mítà 1,852. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: kìlómítà 9,556. Ibi gbogbo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ ohun tó sún mọ́ 9,560, nítorí náà kò sí ìjà lórí jíjìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni pé àwọn kan kọ máìlì 5,940, àwọn kan kọ 5,160. Irọ́ kọ́. Máìlì orí ilẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, máìlì àwọn atukọ̀ omi àti awakọ̀ òfúrufú sì ni ìkejì.

Ti wákàtí ló le. Àwọn ojúewé tó ń ṣírò fún èèyàn, ohun tí wọ́n ń ṣe kò pọ̀: wọ́n á mú 9,560, wọ́n á fi nǹkan bíi 850 kìlómítà láàárín wákàtí kan pín in, wọ́n á fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Ó di wákàtí mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ojú òfúrufú rẹ̀ mọ́ bàálù Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà náà ti tirẹ̀ mọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Japan sì yọ ẹsẹ̀ wọn kúrò níbẹ̀. Bí òwú mi ṣe já nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì mi sọ pé a ó gbéra ní 19:00, a ó dé ní 17:50 ọjọ́ kejì. Tokyo fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ó rí i pé wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n ń bá mi ṣàdéhùn.

N ó so aago méjì. Ti ọwọ́ òsì, n kò ní fọwọ́ kàn án títí n ó fi padà sílé. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni n ó máa yí sí àkókò ibi tí mo bá wà. Mo mọ̀ pé n ó dà bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo jáde nílé ní 15:10. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ iye wákàtí fún wa kì í ka èyí mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú irin dé Heathrow, ìlà, àyẹ̀wò ẹrù, bíbọ́ bàtà, ìjókòó, ìjókòó sí i. Wákàtí mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀, n kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

19:05, bàálù kúrò ní ìdíkọ̀. Mo tẹ aago. Kò pẹ́ tó tún dúró. Yìnyín ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ní ó di dandan kí wọ́n fọ apá bàálù kí ó tó lè fò. Mo wo ojú fèrèsé: ọkọ̀ méjì tó gbé àgbá ńlá dúró lápá ọ̀tún àti òsì, òṣìṣẹ́ kan wà lókè nínú agbọ̀n onírin, ó ń fọ́n omi gbígbóná aláwọ̀ òféfèé tó ń ru gùdù. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ń kùn pé irú ìdádúró wo nìyí. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kò ní kùn. Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ apá, bó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, máa ń da bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn lórí rẹ̀ rú, bàálù lè sáré títí kó má rí agbára gbé ara rẹ̀ nílẹ̀.

19:58 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta ti lọ, a kò sì tíì rin kìlómítà kan lójú òfúrufú. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí n ó sọ fún àbúrò mi. Iye wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá yọ ní ìdíkọ̀, ó di ìgbà tó bá dúró ní ìdíkọ̀ kejì. Iye wákàtí fífò gan-an jẹ́ láti ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀ dé ìgbà tó bá tún kan ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ òfúrufú ń kọ méjèèjì sílẹ̀. Àwa èrò la máa ń pò wọ́n pọ̀.

Mo tan máàpù tó wà lẹ́yìn ìjókòó iwájú mi. Bí a bá tẹ̀lé òwú ni, orí bàálù ì bá kọ sí àríwá-ìlà-oòrùn. Gúúsù-ìlà-oòrùn la kọjú sí. Jámánì, Hungary, Romania, ìyẹn ni pé à ń rọra yí Ukraine ká, lẹ́yìn náà Òkun Dúdú.

Bàbá àgbà kan, ará Japan, ló jókòó tì mí. Ó ti ń wo aago méjì ọwọ́ mi tipẹ́tipẹ́ kó tó béèrè. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rin ìrìn-àjò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀dọ́, bàálù wọn sì bà sí Anchorage ní Alaska láti ra epo. Ó fi ìka fa ọ̀nà náà fún mi lórí máàpù: láti Tokyo gòkè, dé Alaska, sọdá òkè ayé, kó tó bọ́ sí Yúróòpù. Láyé ìgbà náà, ìjọba Soviet kò gbà kí bàálù àjèjì gba orí Siberia kọjá. SAS, ilé-iṣẹ́ bàálù àwọn ará Scandinavia, ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn fún èrò, Copenhagen sí Tokyo nípasẹ̀ Anchorage, ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1957. Mo wo ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ ọ́ tán. Ọjọ́ kan náà nínú oṣù kan náà ni ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́rin lẹ́yìn náà. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣí Siberia díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń parí lọ, fífò tààrà láti Yúróòpù dé Tokyo ti di nǹkan ojoojúmọ́. Ọ̀nà òwú ṣí sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, a sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà.

Bàbá ní, "Mo rò pé mi ò ní gbọ́ orúkọ Anchorage mọ́." Ó fa aṣọ bo orí, ó sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lókè

Aago òsì wà ní ààjìn nígbà tí a gba orí Georgia àti Azerbaijan, tí a sọdá Òkun Caspian. Mo kíyè sí i pé àwa nìkan kọ́ la wà níbẹ̀. Iná àwọn bàálù mìíràn ń ṣẹ́jú lókè wa àti nísàlẹ̀ wa, gbogbo wọn ń lọ sí ọ̀nà kan náà. Rọ́ṣíà wà lápá àríwá, ó ti tì. Lápá gúúsù, Iran àti Afghanistan ni, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ló sì ń yà fún wọn. Ẹnu ọ̀nà tó kù láàárín méjèèjì tóóró, ibẹ̀ sì ni gbogbo èrò Yúróòpù sí Éṣíà ti ń fún ara wọn kọjá, bí ọkọ̀ tó ń fún ara rẹ̀ lórí afárá.

Nǹkan bí 02:25 lójú aago òsì ni oòrùn yọ, a wà lórí Kazakhstan. Fún bí ìdajì wákàtí, n kò kọ nọ́ńbà kankan. Òkè Tian Shan wà lápá ọ̀tún, yìnyín bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, orí rẹ̀ pupa bí ẹyin iná, àfonífojì rẹ̀ ṣì wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀yin tó ń ti fèrèsé pa láti sùn, ẹ ń pàdánù.

Lẹ́yìn ìyẹn, aṣálẹ̀, aṣálẹ̀, aṣálẹ̀.

Lẹ́yìn tí a kọjá Beijing ni eré bẹ̀rẹ̀. Bàálù wa ń fi nǹkan bíi 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan la inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, eré rẹ̀ kò yí padà láti àná. Ṣùgbọ́n iye tí sìkírínì ń sọ jẹ́ eré wa lórí ilẹ̀, ó sì ń gòkè: 980, 1,050, nígbà tí a fi máa wà lórí Òkun Japan, 1,120. Odò afẹ́fẹ́ ló gbé wa. Lókè Japan nígbà òtútù, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù láti Siberia ti ń pàdé afẹ́fẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti gúúsù, ìṣàn kan wà tó máa ń rọ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì lè ju 300 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Jet stream ni àwọn awakọ̀ òfúrufú ń pè é. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n dáadáa jẹ́ ọmọ Japan, Wasaburo Oishi, tó ń tú bàlúùn sílẹ̀ ní Tateno lẹ́yìn odi Tokyo ní àwọn ọdún 1920, tó ń fi awò wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e lọ. Èdè Esperanto, èdè tí wọ́n hùmọ̀ kí gbogbo ayé lè jọ máa lò ó, ló fi kọ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1926, ó fẹ́ kí gbogbo ayé lè kà á. Díẹ̀ péré ló kà á. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú bàálù B-29 fi ojú ara wọn rí ìṣàn yẹn lókè Japan, ẹnu sì yà wọ́n.

Oòrùn wọ̀ kí a tó bà. Mo yẹ aago òsì wò: 08:25. Oòrùn tó yọ ní 02:25 ti wọ̀. Wákàtí mẹ́fà ni gbogbo ọ̀sán Àbámẹ́ta mi, bóyá ìṣẹ́jú díẹ̀ lé. Ìlà-oòrùn là ń sáré lọ, oòrùn ń bọ̀ wá pàdé wa, a kọjá lára ara wa bí èèyàn méjì lójú pópó.

Táyà kan ilẹ̀ ní Haneda, ọ̀kan nínú pápákọ̀ Tokyo, ní 18:09 àkókò Tokyo, a dúró ní ìdíkọ̀ ní 18:20. Wákàtí fífò: 13 àti ìṣẹ́jú 11. Láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀: 14 àti ìṣẹ́jú 15. Sìkírínì kọ nǹkan bíi kìlómítà 11,300, ó fi 1,700 àti díẹ̀ ju ọ̀nà òwú lọ.

Mo wọ yàrá mi ní 20:05. Haneda sún mọ́ àárín ìlú. Bó bá jẹ́ Narita, pápákọ̀ kejì, tó jìn tó nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà, ǹ bá ṣì wà lójú irin. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá: wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 55. Mo fàlà sábẹ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú

N kò sùn. Agogo mẹ́ta òru Tokyo, ojú mi mọ́lẹ̀ rokoṣo, nítorí ara mi ṣì wà ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago inú ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi díẹ̀ gùn ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti sùn pẹ́ ju kó sùn yá. Ẹni tó bá lọ sí ìlà-oòrùn, sísùn yá ni wọ́n ń bi í. Wọ́n ní ara máa ń bá a dé ní nǹkan bíi wákàtí kan lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni n ó sì lò.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Iṣẹ́. Mo tòògbé níbi ìpàdé lẹ́ẹ̀kan, n kò rò pé ẹnikẹ́ni rí mi.

Àbúrò mi tún pè. Ó ti ronú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe pé ayé ń yí lábẹ́ bàálù ni? Bí ayé bá ń yí lọ sí ìlà-oòrùn, ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn kò yẹ kó tètè dé, níwọ̀n ìgbà tí Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé ju àwa méjèèjì lọ. Mo ní kó rò ó báyìí: lórí ìlà agbedeméjì ayé, ilẹ̀ ń sáré 1,670 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ dúró sójú kan, ilẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀, kò ní sí igi kan tí yóò dúró. Afẹ́fẹ́ ń bá ilẹ̀ yí ni, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́ náà, bí eṣinṣin tó ń fò nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ohun tó ń mú kí àlọ àti àbọ̀ yàtọ̀ ni ìṣàn afẹ́fẹ́ láàárín afẹ́fẹ́. Ìyípo ayé kò ṣàì lọ́wọ́ sí i, nítorí òun ló ń tẹ ìṣàn náà sí apá ìlà-oòrùn, àmọ́ kì í ṣe pé ìlú ń rìn wá pàdé èèyàn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ṣì kò tíì sọ iye wákàtí o."

Ọjọ́rú

Mo rí oòrùn tó yọ ní Tokyo nǹkan bí 06:40. Ẹ fi í sọ́kàn.

Bàálù yọ ní ìdíkọ̀ ní 09:58, ó gbéra ní 10:21. Mo ti rò pé ọ̀nà tí a gbà wá la ó gbà padà. Máàpù tàn, mo rí i pé orí bàálù kọ sí ìlà-oòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i, sí Òkun Pàsífíìkì. Lọ́ńdọ̀nù wà lẹ́yìn wa! Mo bi òṣìṣẹ́ inú bàálù bóyá máàpù náà ti bàjẹ́. Ó ní rárá sà, Alaska la ó gbà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Bí a bá padà gba orí Ṣáínà, odò afẹ́fẹ́ tó gbé wa wá yóò dojú kọ wá, eré 1,120 yẹn lè di 700. Bí a bá gba apá kejì, odò kan náà yóò tì wá lẹ́yìn láti Japan lọ sí òkè Pàsífíìkì. Ọ̀nà náà gùn sí i, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni yóò san ohun tó fi gùn. Gbogbo ọ̀nà bàbá àgbà yẹn ló padà wá: Tokyo, Alaska, òkè ayé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàálù ìsinsìnyí kò nílò láti bà ra epo.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn tí a gbéra, oòrùn wọ̀, nítòsí àwọn erékùṣù Aleutian. Kò pẹ́ sígbà náà ni a sọdá ìlà tí ọjọ́ ti ń yí. Ọjọ́rú la fi jókòó, a sì bọ́ sínú alẹ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́ tí mo ti sùn kọjá. Mo ronú kan àwọn atukọ̀ Magellan tó kù, tí wọ́n dé Cape Verde lọ́dún 1522 nínú ọkọ̀ Victoria lẹ́yìn tí wọ́n ti yí ayé po. Ìwé wọn sọ pé Ọjọ́rú ni, àwọn tó wà létí omi ní Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ti kọ ọ́ lójoojúmọ́, wọn kò fo ọjọ́ kan, síbẹ̀ ọjọ́ kan ti sọnù. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ. Ìlà-oòrùn lèmi ń lọ ní tèmi, ọjọ́ kan ni wọ́n sì fún mi lé.

Alaska ṣókùnkùn biribiri. Lórí àríwá Kánádà, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì lápá òsì bí aṣọ tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́, ó ń ká, ó ń tú. Wọ́n ta gbogbo ènìyàn jí láti wò ó, fún ẹ̀ẹ̀kan yìí kò sí ẹni tó kùn.

Ibẹ̀ dá páropáro. Ẹ̀rọ méjì ni bàálù wa ní, òfin sì ni pé kò gbọdọ̀ jìn ju iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un lọ sí pápákọ̀ tó lè fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo fò dé. Ìdí nìyẹn tí ìlà orí máàpù fi ń rọra tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún: Anchorage, Fairbanks, Iqaluit, Keflavík. Òtútù ìta jẹ́ dígírì 62 lábẹ́ òdo. Epo bàálù tó wọ́pọ̀, Jet A-1, lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì bó bá tutù dé 47 lábẹ́ òdo, àmọ́ eré tí bàálù ń sá máa ń mú kí ara apá rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, àwọn awakọ̀ sì ń ṣọ́ epo náà. Bó bá ń tutù jù, wọ́n á fi kún eré tàbí kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ká má mọ irú nǹkan wọ̀nyí sàn fún oorun ẹni.

Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í là lórí Greenland. Oòrùn yọ nǹkan bí 13:00 lójú aago òsì, ó yọ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dìde. Ọjọ́rú ni, Ọjọ́rú tí mo ti rí òwúrọ̀ rẹ̀ ní Tokyo.

Táyà kan ilẹ̀ Heathrow ní 15:01, a dúró ní 15:10. Wákàtí fífò: 13 àti ìṣẹ́jú 40. Láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀: 14 àti ìṣẹ́jú 12. Sìkírínì kọ nǹkan bíi kìlómítà 12,500. Mo ṣí ojú ìwé Ọjọ́ Ẹtì, mo fi wọ́n síra. Àbọ̀ fi 1,200 kìlómítà gùn ju àlọ lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló sì fi yá jù ú lọ láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀. Ohun tí yìnyín Heathrow jẹ ní àlọ, afẹ́fẹ́ Pàsífíìkì san án ní àbọ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun mìíràn. Mo fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, mo lọ sí ìlà-oòrùn. Mo fi Tokyo sílẹ̀, mo tún lọ sí ìlà-oòrùn. Mo wá dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti yí ayé po ní ọjọ́ márùn-ún láìmọ̀! Mo ro ó pọ̀: 23,800 kìlómítà. Ẹni tó bá yí ayé po níbi ìbàdí rẹ̀ yóò rin 40,075. Orí rẹ̀ lèmi wé ní tèmi, bí ẹni wé gèlè.

Oòrùn wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí n tó délé.

Ọjọ́bọ̀

Agogo mẹ́ta òru, mo ti jí. Aago méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n ń sọ ohun kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti ọ̀tún ti lọ síwájú wákàtí mẹ́sàn-án, ó tún lọ síwájú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlà ọjọ́ wá yọ mẹ́rìnlélógún lára rẹ̀, òdo ló kù. Ti òsì kò ṣe nǹkan kan, ibì kan náà ni wọ́n sì dé.

Mo pe àbúrò mi ní àárọ̀. Mo ní kó mú bírò. Mo ka jíjìn òwú fún un, jíjìn àlọ, jíjìn àbọ̀, wákàtí fífò, wákàtí ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti odò afẹ́fẹ́ nígbà tó dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ wá gbé mi ní pápákọ̀ ló ń béèrè. Agogo mélòó ni kí n ní kó wá?"

Mo ní kó sọ fún un pé kó fi wákàtí kan kún èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.